Fínígà ìgò méjì, ọmọ márùndínláàádọ́rin, kò sí láàbù: kí ni ká ṣe?

Tísà_Ọbáńtókò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS2 ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé kan níbí ní Abẹ́òkúta. A ò ní láàbù. Yàrá tí wọ́n ń pè ní láàbù, àga tó ti kán ló kún inú ẹ̀. Ọ̀gá wa ti gbà kí n ra fínígà ìgò méjì ní sáà yìí. Ó ní èyí tó bá kù, kí n lọ wá ọgbọ́n sí i.

Ohun tó gbé mi dé ibí nìyí. Gbogbo ohun tí mo ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òkè oníná ni: da báákìn sódà sínú ìgò, da fínígà lé e, ó hó, àwọn ọmọ pariwo, ó tán. A ṣe é ní sáà tó kọjá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Nígbà tí mo wá béèrè pé kí ló hó, ọ̀kan ní ọṣẹ ni, ọ̀kan ní gáàsì bí ti ìdáná, ọ̀kan tiẹ̀ ní idán ni. Mo ń wá ohun tí ọmọ máa fi mọ nǹkan, tí kò ní gbówó lórí, tí ọmọ márùndínláàádọ́rin á sì lè fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ọmọ_Ìbarà

Tísà, ọmọ tó ní idán ni yẹn, ẹ mú un lọ sí Ìtòkú kó lọ wo bí aṣọ ṣe ń jáde láwọ̀ ewé nínú ìkòkò aró, tí atẹ́gùn bá sì fẹ́ sí i, ó di búlúù lójú ẹ̀. Kó wá sọ fún wa èwo ni idán.

Bàbá_Kẹ́mísírì

Tísà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ọwọ́ mi ò tíì kúrò nínú ẹ̀. Òkè oníná yẹn ò burú fúnra ẹ̀. Àìwọn nǹkan kan níbẹ̀ ló sọ ọ́ di eré. Ẹ má jẹ́ kó dà sílẹ̀, ẹ gbá gáàsì ẹ̀, ìyẹn kábọ́nì díọ́kísáìdì, mú, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo ara ìgò fínígà yín. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ásíìdì, ásẹ́tíìkì ásíìdì ni wọ́n ń pè é. Omi ló pọ̀ jù nínú èyí tó kù. Tí ẹ bá wọn mílílítà 50, bíi gíráàmù 2.5 péré ni ásíìdì tó wà níbẹ̀, ìwọ̀n yẹn ò sì lè jẹ ju gíráàmù 3.5 báákìn sódà lọ. Ẹ̀ báà da odindi páálí sódà lé e, gáàsì ò ní ju ti gíráàmù 3.5 lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Ẹ wá ike omi mẹ́rin tí ẹnu wọn dọ́gba, fèrè mẹ́rin, ìyẹn irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ níbi ọjọ́ ìbí, ṣíbí ìmutíì kan, àti sírínjì kan láti ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ ẹ̀ dànù kí ẹ tó dé kíláàsì. Sírínjì mílílítà 10 ń wọn fínígà dáadáa ju ife èyíkéyìí lọ. Ẹ fa 50 sínú ike kọ̀ọ̀kan. Ẹ ká ìwé, kí ẹ fi ṣe àrọ, kí ẹ sì da sódà gba inú ẹ̀ lọ sínú fèrè. Fèrè kìn-ín-ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí. Èkejì, ìdajì. Ẹ̀kẹta, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ̀kẹrin, ṣíbí kan gbáko, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ẹ̀ kó tẹ́jú. Ẹ fi ẹnu fèrè bo ẹnu ike, kí ìdí fèrè ṣì máa rọ̀ sílẹ̀ kí sódà má tíì dà. Tó bá tó àkókò, kí ọmọ mẹ́rin gbé ìdí fèrè sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Òwú ni kí wọ́n fi yí ibi tí fèrè ti sanra jù, kí wọ́n sì na òwú náà sórí rúlà. Èkejì á ju èkíní lọ, ẹ̀kẹta á ju èkejì lọ. Ẹ̀kẹrin á dúró síbi tí ẹ̀kẹta dúró sí. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ìyá_Ìbejì_Kútọ̀

Ẹ kú àlàyé o, Bàbá. Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà ní JSS2, ni mo ṣe ń ka eléyìí. Ṣé fèrè ò ní bẹ́ mọ́ wọn lójú?

Bàbá_Kẹ́mísírì

Ìyá Ìbejì, kò ní bẹ́. Gbogbo gáàsì tí mílílítà 50 fínígà lè mú jáde, kò ju bíi lítà kan lọ, fèrè ọjọ́ ìbí sì ń gba ju ìyẹn lọ dáadáa. Ohun tó ń bẹ́ ni ìgò tí wọ́n fi ìdérí dé pinpin. Ẹ má dé e láé, yálà ike tàbí ìgò gidi. Gáàsì yẹn gbọ́dọ̀ ríbi gbà.

Alárò_Ìtòkú

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí "sódà", àyà mi já. Tísà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rán ọmọ kankan lọ ra sódà lọ́dọ̀ wa o. Bí ọmọdé bá dé ìsọ̀ tí a ti ń ra èlò aró, tó ní "ẹ fún mi ní sódà", kọ́sítíìkì ni wọ́n máa wọ̀n fún un, torí òun ni sódà lọ́dọ̀ tiwa. Òun náà funfun. Inú ọ̀rá náà ni wọ́n ń dì í sí. Ọmọ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Kọ́sítíìkì ń bó ara. Bó bá kan ọwọ́ tó lómi, ọwọ́ á kọ́kọ́ máa yọ̀ bí ìgbà téèyàn fọ ọṣẹ, ẹ ó rò pé kò ṣe nǹkan kan, kó tó di pé ó ń ta. Bó bá wọ ojú, ó lè fọ́ ọ. Àwa tí a ń lò ó lójoojúmọ́, ìbọ̀wọ́ rọ́bà la ń wọ̀. Omi la máa ń kọ́kọ́ bù sílẹ̀, a ó wá máa da sódà sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí omi yẹn máa ń gbóná fúnra ẹ̀ láìsí iná lábẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá yí i padà, tó da omi lé sódà lórí, ó lè ta sí i lára.

Ìkejì: lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́sítíìkì yẹn náà ni háídírósì máa ń wà, èyí tí a fi ń ṣí aró. Fínígà ò gbọdọ̀ kàn án. Bí nǹkan kíkan bá bọ́ sí i, òórùn tó ń jáde níbẹ̀ ń fún èèyàn lọ́fun. Mo ti rí ẹni tó sá jáde láìwọ bàtà.

Bàbá_Kẹ́mísírì

Ìyá Alárò, ẹ ṣeun gan-an ni. Tísà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí sójú pátákó kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Òórùn tí wọ́n ń sọ yẹn, sọ́fọ̀ díọ́kísáìdì ni, ìkan náà pẹ̀lú èyí tó ń ta wá nímú bí a bá ṣá ìṣáná, kìkì pé ti háídírósì pọ̀ jù ú lọ fíìfíì.

Kọ́sítíìkì àti fínígà ò tiẹ̀ ní hó. Kò sí kábọ́nì nínú kọ́sítíìkì tó máa di gáàsì. Ooru nìkan ló máa jáde, iyọ̀ kan àti omi ló máa kù. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣì wọ́n mú á máa retí kó hó, kò ní hó, á tún bu sí i, á tún bu sí i. Ibẹ̀ ni ìjàǹbá wà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èlò kéèkì ni kí ẹ ti ra báákìn sódà, nínú páálí tí wọ́n kọ orúkọ sí lára, kí ó jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ lọ rà á.

Tísà_Ọbáńtókò

Mo ti gbọ́, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Báákìn páúdà ń kọ́? Òun ló pọ̀ ní àdúgbò mi.

Bàbá_Kẹ́mísírì

Rárá, ìwọ̀n yín á dàrú. Páúdà ní sódà nínú, ó ní ásíìdì gbígbẹ nínú, ó tún ní ìyẹ̀fun. Omi lásán tó ó láti hó. Bí ẹ bá ní ìyẹ̀fun funfun méjì láti inú páálí èlò kéèkì tí ẹ ò mọ èyí tó jẹ́ èwo, ẹ kán omi sí wọn. Èyí tó hó ni páúdà. Èyí tó dákẹ́ ni sódà, ẹ wá kán fínígà sí i kó lè sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ bá rà láìmọ orúkọ ẹ̀, ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á.

Ìyá_Ìbejì_Kútọ̀

Èmi ò kàwé kẹ́mísírì, zobo ni mo ń tà. Ohun kan wà tó ti ń ya mí lẹ́nu tipẹ́. Bí mo bá fẹ́ fọ ìkòkò tí mo fi se zobo, tí mo bá da omi ọṣẹ sí i, pupa yẹn á di búlúù, á di àwọ̀ ewé, á wá dà bíi pé nǹkan ti bàjẹ́ nínú ìkòkò. Lọ́jọ́ kan, káún ló dà sí i lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n àwọn Ìbejì, àwọ̀ ewé náà ló dà. Ṣé ó bá ọ̀rọ̀ yín yìí mu?

Bàbá_Kẹ́mísírì

Ìyá Ìbejì! Ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí àwọn ilé ìwé tó lówó ń fi owó rà nínú ìgò kékeré nìyẹn, ohun tí a fi ń mọ ásíìdì yàtọ̀ sí álíkálì, ìyẹn òdìkejì ásíìdì, irú bíi sódà àti káún. Àwọ̀ pupa tó wà nínú ìṣápá yẹn máa ń pupa gidi bí ó bá wà nínú nǹkan kíkan. Bí kíkan bá tán, á máa ṣú lọ sí búlúù. Bí álíkálì bá pọ̀, á di àwọ̀ ewé.

Tísà, ẹ se ìṣápá gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan nínú omi, ẹ má fi ṣúgà sí i, ẹ má fi ata-ilẹ̀ sí i, ẹ sẹ́ ẹ. Bí àwọn ọmọ bá ti wọn fèrè tán, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n fi sírínjì kán zobo sínú ike mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ike kìn-ín-ní àti èkejì á pupa, torí fínígà ṣì kù níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin á ṣú, torí sódà ló ṣẹ́kù. Ẹ̀kẹta ni màá fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, torí ààlà ló wà. Ó lè bọ́ síhìn-ín, ó lè bọ́ sọ́hùn-ún, ọwọ́ ẹni tó gé orí ṣíbí ló máa sọ. Báyìí, ẹ̀rí méjì ni ọmọ ní: fèrè tí kò wú mọ́, àti àwọ̀ tó yí padà. Kò sẹ́ni tó máa ní idán ni mọ́.

Ará_Láfẹ́ńwá

Ìgò méjì fún ọmọ márùndínláàádọ́rin! Ẹ jẹ́ kí n bá yín dín ìnáwó kù. Ẹ ra ẹmu. Kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èyí tí kò tà, tí ẹlẹ́mu fẹ́ dànù. Ẹ dà á sínú ìkòkò amọ̀ tàbí ìgò ẹlẹ́nu gbígbòòrò, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì í lẹ́nu kí eṣinṣin má wọ̀ ọ́, kí atẹ́gùn sì máa wọlé. Ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀, kó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fínígà ló máa dà. Bàbá mi ò ra fínígà rí.

Ọmọ_Ìbarà

Tísà ra ẹmu wọ ilé ìwé, ọ̀gá pàdé ẹ̀ lẹ́nu géètì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya fọ́tò fún wa.

Bàbá_Kẹ́mísírì

Ọmọ Ìbarà, jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀. Òótọ́ lẹni Láfẹ́ńwá sọ. Ìwúkàrà ló kọ́kọ́ sọ ṣúgà inú ẹmu di ọtí. Lẹ́yìn náà ni kòkòrò tíńtín mìíràn tó nílò atẹ́gùn á sọ ọtí yẹn di ásẹ́tíìkì ásíìdì, ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọdọ̀ dé e pa. Louis Pasteur ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń sọ wáìnì di kíkan ní Faransé láàárín ọdún 1860 sí 1870, kòkòrò yìí ló sì rí níbẹ̀.

Wàhálà tó wà nínú ẹ̀ ni pé a ò mọ bó ṣe kan tó. Ó lè jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè jẹ́ 4. Ẹ ò lè fi ṣe ìwọ̀n fèrè mẹ́rin nígbà tí ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ lè yí i po, kí ẹ sọ ọ́ di ìbéèrè fún àwọn tó mọ́pọlọ nínú kíláàsì. Ẹ po ṣíbí sódà kan pọ̀ mọ́ omi. Ẹ wọn mílílítà 10 fínígà ọjà sínú ife funfun, ẹ kán zobo sí i, kí ẹ wá máa fi sírínjì kán omi sódà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó, títí pupa á fi kúrò. Ẹ kọ iye tó gbà sílẹ̀. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún mílílítà 10 ẹmu kíkan, kó sì jẹ́ omi sódà kan náà. Bí ẹmu bá gba ìdajì ohun tí fínígà gbà, a jẹ́ pé kíkan ẹ̀ ò ju ìdajì lọ. Ohun tí wọ́n máa bá pàdé níwájú WAEC ní SS3 nìyẹn, pẹ̀lú ìgò gígùn àti orúkọ ńlá. Kò yàtọ̀.

Olókùúta_Camp

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ìlú òkúta la wà.

Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú òkúta wẹ́wẹ́ kan wá láti ilé. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ máa jẹ́ irú èyí tó wà ní Olúmọ, gíráńáìtì àti àwọn ìbátan ẹ̀. Ẹ kán fínígà sí i. Kò ní hó. Ẹ dúró dé ìrọ̀lẹ́, kò ní hó. Ẹ wá wá òkúta kan láti Ewékorò, ojú ọ̀nà Èkó níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wú nílẹ̀ láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ẹ fi òòlù lù ú kúná díẹ̀, ẹ kán fínígà sí i, kí ẹ gbé etí sún mọ́ ọn. Ẹ ó gbọ́ ọ tó ń ta ṣíṣì-ṣíṣì, ẹ ó sì rí àwọn èéhó wẹ́wẹ́ tó ń gòkè.

Kálísíọ̀mù kábónéètì, ohun tó ń tú gáàsì jáde bí ásíìdì bá kàn án, ni òkúta Ewékorò. Òkun ló bo ibẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀, ìkarahun àti egungun àwọn ẹ̀dá inú omi ló kóra jọ títí tó fi di òkúta. Gíráńáìtì ní tiẹ̀, inú ilẹ̀ gbígbóná ló ti dì, kò ní kábónéètì tó máa dá ásíìdì lóhùn. Nítorí náà ọmọ tó ní kóló fínígà kékeré kan lè mọ̀ bí òkun bá ti dé ibì kan rí. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, ásíìdì tó le jù fínígà lọ la ń gbé káàkiri nínú ìgò kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni.

Ẹ tún dán ṣọ́ọ̀kì wò. Ìgbà mìíràn á hó, ìgbà mìíràn kò ní hó, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì òde òní kì í ṣe kábónéètì mọ́, jípúsọ́ọ̀mù ni. Kí àwọn ọmọ mú ṣọ́ọ̀kì láti páálí oríṣiríṣi.

Tísà_Ọbáńtókò

Olókùúta, ẹ ṣeun! Mi ò rò ó dé ibẹ̀ rí. Màá wá ẹni tó ń lọ sí Èkó kó bá mi mú òkúta náà bọ̀.

Ẹyin ńkọ́? Mo kà á pé bí a bá rẹ ẹyin tútù sínú fínígà, èèpo ẹ̀ á yọ́ dànù.

Ìyá_Ìbejì_Kútọ̀

Tísà, ẹyin? Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta ẹyin báyìí? Kí ọmọ kúrò nílé láìjẹun, kó wá lọ wo ẹyin tó ń rà nínú fínígà? Èmi ò fara mọ́ ọn.

Tísà_Ọbáńtókò

Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹyin kan péré ni fún gbogbo kíláàsì, owó ara mi ni màá fi rà á.

Bàbá_Kẹ́mísírì

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Fún ìwọ̀n àti hóhó, èèpo ẹyin tí wọ́n ti jẹ inú ẹ̀ tó wa. Ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń din ẹyin àti búrẹ́dì ní ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń dà á nù ni. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́. Òun náà, kálísíọ̀mù kábónéètì ni, ìbátan òkúta Ewékorò. Ìkarahun ìgbín náà wà lọ́jà Ọmídà, ọ̀fẹ́. Kìkì pé ìgbín ní awọ fẹ́lẹ́ kan lójú ìkarahun ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ásíìdì tètè wọlé. Ẹ fọ́ ọ kí ẹ tó rẹ ẹ́. Kí àwọn ọmọ rẹ odindi sínú ife kan, kí wọ́n rẹ fífọ́ sínú èkejì, kí wọ́n sọ èyí tó yára.

Ṣùgbọ́n odindi ẹyin kan ṣoṣo yẹn, mo wà lẹ́yìn Tísà lórí ẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà nínú ife ẹlẹ́nu gbígbòòrò, kó bò ó mọ́lẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni èéhó wẹ́wẹ́ á bò ó. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ da fínígà àkọ́kọ́ nù, ẹ fi òmíràn sí i. Nígbà tí èèpo bá tán, ẹ rọra fi omi fọ̀ ọ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín, awọ tó dì mọ́ inú èèpo ni, rìyẹ̀rìyẹ̀, ẹ ó máa rí pupa ẹyin nínú ẹ̀ bí ẹ bá gbé e sójú fèrèsé. Á ti tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, torí omi gba inú awọ yẹn wọlé. Ẹ gbé e sínú omi ṣúgà tó ki, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, omi á jáde padà, á sì rún wọ́jọ. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì yín á bá yín dupẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹyin náà o, tútù ni.

Egungun adìẹ náà ń rọ̀ nínú fínígà, àmọ́ ó gba ọjọ́ púpọ̀, ó sì ń rùn. Ní kíláàsì ọmọ márùndínláàádọ́rin nínú ooru Abẹ́òkúta, ẹ fi í sílẹ̀.

Ará_Láfẹ́ńwá

Wàrà ńkọ́? Mo gbọ́ pé fínígà ń dì í.

Bàbá_Kẹ́mísírì

Ó ń dì í dáadáa. Po mílíkì oníyẹ̀fun sínú omi gbígbóná tí kò tíì hó, ife kan, bu ṣíbí ìjẹun fínígà kan tàbí méjì sí i, rò ó lẹ́ẹ̀kan, kí o sì dúró. Á pín sí méjì: ìṣù funfun, àti omi tó fẹ́ dà bí omi ògì. Púrótéènì inú mílíkì tó ń jẹ́ késíìnì ló dì, kò lè wà nínú omi mọ́ nígbà tí kíkan bá ti tó ìwọ̀n kan. Àwọn Fúlàní tó ń ta wàrà fún wa, omi ewé bomubomu ni wọ́n ń lò, iṣẹ́ tiẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ásíìdì. Bí àwọn ọmọ bá fún ìṣù yẹn gbẹ nínú aṣọ, tí wọ́n fi ìdérí ìgò gé e róbótó, tí wọ́n sá a, á le kankan. Ní Jámánì, láti ọdún 1899, wọ́n gba àṣẹ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Galalith. Késíìnì ni wọ́n fi kẹ́míkà mìíràn mú le, tí wọ́n sì fi ń ṣe bọ́tìnnì aṣọ.

Mílíkì ti wọ́n jù fún mi láti sọ pé kí ẹ ṣe é fún gbogbo wọn. Àwùjọ kan, kí àwọn yòókù wò ó.

Alárò_Ìtòkú

Kí n tó gbàgbé: ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nípa Jíìkì àti gbogbo bílíìsì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Àwọn ọmọ tó bá fẹ́ràn pirátíkà yìí máa padà sílé, wọn á sì fẹ́ máa po gbogbo ohun tó wà ní bálùwẹ̀ pọ̀.

Bàbá_Kẹ́mísírì

Ẹ ti sọ tán. Fínígà pẹ̀lú bílíìsì, gáàsì kílórínì ló ń jáde. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, bálùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé sì ni ibi tó burú jù láti pàdé ẹ̀. Tísà, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá fún wọn, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

Tísà_Ọbáńtókò

Ẹ̀yin àgbà, mo ti dé o. A ṣe ti fèrè.

A pín ara wa sí àwùjọ, mo fún ẹnì kan ní òwú, ẹnì kan rúlà, ẹnì kan ìwé. Nígbà tí wọ́n gbé ìdí fèrè sókè, ariwo tó sọ, kíláàsì ẹ̀gbẹ́ wa yọjú. Fèrè ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, mo sì pa ẹnu mọ́.

Ìjà dé. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní fínígà ló tán. Ọmọkùnrin kan ní rárá, sódà tó wà nísàlẹ̀ ṣíbí ti bàjẹ́ ni, pé bí èyí tó wà lókè ṣe dáa, ìsàlẹ̀ ò dáa. Ìdajì kíláàsì tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo mú ọ̀rọ̀ mì. Ọmọbìnrin yẹn wá ní kí n jẹ́ kí òun fa fínígà mílílítà 10 sí i sínú ike ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. A yọ fèrè díẹ̀, ó fà á sí i, ó yára bò ó padà. Ẹ̀kẹrin hó, fèrè ẹ̀ tún gbéra. Ẹ̀kẹta ò ṣe nǹkan kan. Ọmọkùnrin náà wo ike ẹ̀kẹrin títí, ó ní, "Sódà ò bàjẹ́ nígbà yẹn." Mi ò kọ́ ọ.

Zobo Ìyá Ìbejì náà jẹ́ fún wa: pupa, pupa, pupa, búlúù tó ṣú. A kán an kí ọmọbìnrin yẹn tó fa fínígà sí i, lẹ́yìn tó sì fà á sí i, búlúù yẹn rọra ń padà sí pupa lójú gbogbo wọn. Ìbéèrè mi kan ṣoṣo: ní àwùjọ kan, fèrè ẹ̀kẹrin kéré sí ẹ̀kẹta díẹ̀. Kí ló fà á?

Ìyá_Ìbejì_Kútọ̀

Kẹ́hìndé ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi nílé, Táíwò ní òun ló di òwú mú. Wọ́n ti kó ìṣápá mi tí mo fẹ́ sè fún ọjà ọ̀la.

Bàbá_Kẹ́mísírì

Tísà, ẹ jẹ́ kí n kí ọmọbìnrin yẹn nípasẹ̀ yín. Ohun tó ṣe, ọ̀pọ̀ ọmọ SS3 ni kì í rò ó.

Lórí fèrè tó kéré: ohun méjì ni màá kọ́kọ́ wò. Bóyá wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wọn tiwọn. Kábọ́nì díọ́kísáìdì ń gba ara rọ́bà fèrè jáde, díẹ̀ nínú ẹ̀ sì ń yọ́ sínú omi, nítorí náà fèrè ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí gbogbo àwùjọ wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan náà tí ó bá ti dẹ́kun híhó. Ìkejì, kí ẹ wo inú fèrè náà bóyá sódà kan lẹ̀ mọ́ ọn, tí kò bọ́ sínú fínígà rárá. Ẹ gbọn fèrè kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi sódà sí i, omi díẹ̀ ló ń mú un lẹ̀. Bí ẹ bá tún un ṣe, tí ó ṣì kéré, a jẹ́ pé ẹnu fèrè yẹn ò mú ẹnu ike dáadáa. Ẹ fi rọ́bà dè é.

Tísà_Ọbáńtókò

Ó lẹ̀ mọ́ ọn! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí fèrè náà síta báyìí, ìyẹ̀fun funfun wà nídìí ẹ̀. A ó tún un ṣe lọ́jọ́ Ajé, Olókùúta, òkúta Ewékorò náà ti dé, ó wà lábẹ́ tábìlì mi.